Pákó Tí Láńre Ń Dúró Lé

Ní gbogbo Okokomaiko lọ́dún 1988, bóyá ni a fi lè rí ẹni tó ń ṣọ́ra tó Ọláńrewájú Ọ̀ṣunbíyìí. Ọkùnrin náà á gbé agbòòrùn jáde nínú ọyẹ́. Bó bá fẹ́ ra ẹ̀pà, á tọ́ ọ wò, á wo ojú ẹni tó ń tà á, á tún tọ́ ọ wò. Bó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa láàárọ̀, á rìn dé ìdí ọ̀pẹ tó wà ní ìkóríta àdúgbò, á dúró, á ronú, á sì padà lọ wò ó bóyá òun tì í lóòótọ́. Àwọn aládùúgbò ti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í kí i nígbà tó bá kọ́kọ́ kọjá mọ́, wọ́n á pa ìkíni mọ́ sẹ́nu di ìgbà tó bá ń kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi rẹ̀ tán. Iṣẹ́ àtúnṣe ampilifáyà ló ń ṣe lọ́jà Àlàbá, iná mànàmáná kò sì mọ ọmọ ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta kò ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ yẹn náà ló sì máa ń nà sókè bó bá ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni tẹ́sítà kò ti kúrò lápò àyà Láńre, irin kékeré tó máa ń pọ́n wẹ́ẹ́ bí iná bá wà nínú ohun tí a fi kàn. Kò sí ohun tí kò lè fi í kàn. Àwọn ará ọjà ní ó ti fi kan ìyẹ̀fun rí.

Láńre ló ń ta gìtá nínú ìjọ aláṣọ funfun kan tó wà lẹ́yìn ọjà kékeré ní Okokomaiko. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn, látorí wòlíì dórí ọmọ ọwọ́. Gìtá oníná àti ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀tá ara wọn ni. Nítorí náà Láńre ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìsìn, ó sì fa wáyà láti ara ampilifáyà lọ síbẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ láì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n kò tó Láńre. Ó tún wá pákó kan tó nípọn, tó fẹ̀ tó ìtẹ́lẹ̀ ìkòkò ńlá méjì, orí rẹ̀ ló máa ń dúró sí ta gìtá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun pákó náà. Nígbà kan tí Wòlíì Májẹ́kódùnmí ń wàásù, tí ẹ̀mí gbé wọn, tí wọ́n ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, Láńre dá gìtá dúró, ó sì ń wo ẹsẹ̀ wòlíì títí wọ́n fi gbé e kúrò.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ní òun fẹ́ ṣe orin rọ́ọ̀kì lórí kí èèyàn má bẹ̀rù ewu.

Ohun tó fà á kò fara sin fún ẹnikẹ́ni àfi òun tó rò pé ó fara sin. Rónkẹ́ Ògúntádé ni. Tíṣà ni Rónkẹ́ nílé ìwé tó wà nínú bárékè Ọ̀jọ́, sájẹ́ǹtì ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀, Rónkẹ́ náà ló sì ní ohùn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Láńre ti fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ìgbésẹ̀ tó gbé ni pé ó bá a tún rédíò ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì bàjẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó tilẹ̀ ju ọmọbìnrin náà lọ ní ọdún méje, "ẹ" ló ń lò fún un, "Sístà Rónkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Rónkẹ́ láàárín àkókò náà, ó ní òun kò ṣe. Láńre sin èyí kejì dé Ìyànà-Ìbà, ó sì dúró tì í títí ó fi rí mọ́tò wọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún un ní agbòòrùn.

Ìgbà tó di ìparí oṣù kẹwàá ni ọ̀rọ̀ balẹ̀ pé wọ́n ti gbé Sájẹ́ǹtì Ògúntádé lọ sí Kàdúná. Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ ni lọ́rì máa kó ẹrù wọn. Rónkẹ́ sì máa bá wọn lọ, nítorí sájẹ́ǹtì ní òun kò lè fi ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ sílẹ̀ ní Èkó kí òun máa fi lẹ́tà ṣọ́ ọ.

Láńre kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kàsúmù, ọmọ onílé ní Ọ̀jọ́, ẹni tó máa ń lu ìlù òyìnbó fún un bí wọ́n bá rí òde.

"Mo fẹ́ kọ orin kan," ni Láńre wí. "Orin pé kéèyàn má bẹ̀rù, pé kó ki orí bọ̀ ọ́."

Kàsúmù wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ?"

"Rọ́ọ̀kì ni. Bí ti àwọn onírun gígùn inú kásẹ́ẹ̀tì tó o mú wá láti Àlàbá. Àwọn yẹn kì í bẹ̀rù nǹkan kan."

"Ta ló máa kọ ọ́?"

"Sístà Rónkẹ́."

Kàsúmù ronú díẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó yé mi. O fẹ́ kí ọmọbìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọ sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Láńre, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké o."

"Èkù rẹ̀ ńkọ́?" ni Láńre wí. "Ó yẹ kéèyàn wo èkù rẹ̀ bóyá ó le."

Ní ìsọ̀ Láńre ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin náà, láàárín àwọn ampilifáyà tí ìfun wọn wà níta. Rónkẹ́ yà wá lẹ́yìn iṣẹ́, ó jókòó lórí àpótí, ó sì gba ìwé orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á sókè:

"Bẹ́ sódò, bẹ́ sódò,
Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè bó ṣe jìn tó.
A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò,
Bó o bá sì lè lúwẹ̀ẹ́, ìyẹn náà dára."

Ó gbé ojú sókè. "Bọ̀dá Láńre, ṣé orin lèyí àbí ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọsibítù?"

Kàsúmù ń rẹ́rìn-ín débi pé ó fi orí gbá sipíkà. Ara Láńre gbóná, ṣùgbọ́n ó rọra fi bírò fa ìlà kejì, ìlà kẹta àti ìlà kẹrin yọ. Rónkẹ́ gba bírò náà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bẹ́," ni Rónkẹ́ wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láì gbé ojú wo ẹnikẹ́ni, ó sì dá ìwé padà fún un:

"Bẹ́ sódò, bẹ́ sódò,
Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọn omi,
Oòrùn á wọ̀ mọ́ ọn létí odò."

Láńre ka ìlà kẹta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ èèyàn mìíràn ni, ì bá ti gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń bá a sọ. Láńre ní tirẹ̀ ní ó dára púpọ̀, Sístà Rónkẹ́, ẹ ṣeun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn tó bá a mu lórí gìtá.

Ohùn náà dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Bí Láńre bá di gìtá mú, ẹ̀rù a máa kúrò lára ìka rẹ̀ bó tilẹ̀ kù sí ibi yòókù. Ibi igbe ni wọ́n ti há. Kàsúmù ní kò sí rọ́ọ̀kì tí kò ní igbe, pé lẹ́yìn ẹsẹ kejì, onígìtá gbọ́dọ̀ ké lóhùn rara bí ẹni tó ti já sínú odò náà. Láńre gbìyànjú. "Yé o," ni ó ké. Wọ́n ní kó tún un ké. "Yé o."

"Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀," ni Rónkẹ́ wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí i pé ojú Láńre wálẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà kíákíá.

Wòlíì Májẹ́kódùnmí yọ̀ǹda ilé ìsìn fún wọn ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán, nítorí ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Wòlíì béèrè bóyá orin ìgbàgbọ́ ni. Kàsúmù ní ìgbàgbọ́ gan-an ni, bàbá, ẹni tí kò bá gbàgbọ́ kò lè bẹ́. Wọ́n ní ó dára, kí wọ́n ṣáà wọ sùtánà kí wọ́n sì bọ́ bàtà. Kàsúmù tó jẹ́ mùsùlùmí ní ti bàtà kò ni òun lára, kí wọ́n fi sùtánà nìkan dárí ji òun.

Rẹ́kọ́dà ńlá onísipíkà méjì ni wọ́n yá lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Àlàbá. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà, nítorí olówó rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò. Láńre kò gbẹ́kẹ̀ lé NEPA, ó ki bátìrì mẹ́jọ sínú rẹ̀, bátìrì tuntun, ó sì fi tẹ́sítà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé tẹ́sítà kì í tàn lára bátìrì.

NEPA kò mú iná wá títí aago mẹ́ta fi lù. Bí iná ṣe dé, wọ́n sáré to nǹkan. Ilẹ̀ ilé ìsìn tutù, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ fún ìkórè ni. Gbogbo bẹ́ńṣì ti wà níta, wọ́n ti kun wọ́n ní fánìṣì tí kò tíì gbẹ. Láńre gun pákó rẹ̀. Rónkẹ́ bọ́ sídìí maikirofóònù, ó fi ẹnu kàn án láti dán an wò, ó sì fò sẹ́yìn.

"Yéè! Ó bù mí jẹ!"

Láńre yọ tẹ́sítà. Ó fi kan maikirofóònù, ó pọ́n wẹ́ẹ́. Ó fi kan okùn gìtá, ó pọ́n wẹ́ẹ́. Ó tọ wáyà jáde sẹ́yìn ilé, ó sì bá orí wáyà náà nílẹ̀ gbalaja, kò so mọ́ nǹkan kan. Irin rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà láàárín àgbàlá lọ́hùn-ún, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n sì so àgbò ìkórè kan tó sanra mọ́ ọn, tó ń jẹ èèpo iṣu. Bàbá Àlàbá, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìsìn, jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irin mi yẹn..."

"Irin tìrẹ? Irin tó wà nílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan? Mo ti fún un níṣẹ́. Àgbò Olúwa nìyẹn. Bí ẹ bá fà á tu tó sì sá, ìwọ ni wọn yóò mú lọ síbi pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú."

Láńre fa wáyà títí, kò dé ìdajì ọ̀nà. Ó wo àgbò náà. Àgbò náà wò ó. Ó padà wọlé.

"Kò ṣe é ṣe," ni ó wí. "Kò sí ibi tí iná máa gbà wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn."

"Ọjọ́ wo?" ni Kàsúmù béèrè. "Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù. Rẹ́kọ́dà ń lọ, Rónkẹ́ náà ń lọ."

Rónkẹ́ tún gèlè funfun rẹ̀ we, ó na ọwọ́ mú àpò rẹ̀, ó sì wo Láńre bí ẹni tó fẹ́ kó ojú ẹnìkan sọ́kàn kó lè rántí rẹ̀ ní ibi tó jìnnà. "Ó dára náà, Bọ̀dá Láńre," ni ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Láńre dé egungun. Ó ń bẹ̀rù iná, ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọmọdé, ṣùgbọ́n lójijì ó rí i pé òun ń bẹ̀rù Sátidé jù ú lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó fi etí sùtánà nu ìdí rẹ̀ gbẹ, ó gbé e lọ síwájú maikirofóònù, ó sì tẹ́ ẹ síbẹ̀.

"Ẹ dúró lé e," ni ó wí.

Igi ìlù bọ́ lọ́wọ́ Kàsúmù. Rónkẹ́ wo pákó, ó wo ẹsẹ̀ Láńre lórí ilẹ̀ tútù. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà dúró lé e. Kàsúmù, tẹ rẹ́kọ́dà."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Rónkẹ́ kọ ẹsẹ kìíní bí ẹni tí kò ní ilé tó máa padà sí. Láńre ń ta gìtá lórí ìka ẹsẹ̀ méjì péré, ó ń gbé ọ̀tún, ó ń gbé òsì, iná ń jẹ ọwọ́ rẹ̀ wín-ín-wín-ín bí èèrà. Àwọn tó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ìgbà náà ní gìtá yẹn ń gbọ̀n lọ́nà tí àwọn kò gbọ́ rí. Wọn kò mọ̀ pé onígìtá ló ń gbọ̀n. Wọ́n kọ ẹsẹ kejì tán, Rónkẹ́ gbé ohùn sókè pé oòrùn á wọ̀ mọ́ ọn létí odò, ibi igbe sì dé. Láńre gbàgbé. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì gbá gbogbo okùn gìtá mú lẹ́ẹ̀kan.

"YÉÈÈÈÈÈ!"

Igbe yẹn dé Ìyànà-Ìbà, bí a bá gbọ́ ti Kàsúmù. Bàbá Àlàbá sọ pé àgbò dìde dúró. Gìtá fò sí ọ̀tún, Láńre fò sí òsì, Kàsúmù sì fo ìlù kọjá, ó fa wáyà iná yọ lára ògiri. Gbogbo nǹkan kú, àfi rẹ́kọ́dà tó jẹ́ pé bátìrì mẹ́jọ ló ń jẹ.

Ohun tó tẹ̀ lé e wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà títí dòní. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Láńre.

"Sístà Rónkẹ́, ṣé ẹ wà lórí pákó?"

"Mo wà lórí pákó."

"Kò mú yín?"

"Kò mú mi."

Àgbò ké lẹ́ẹ̀kan.

"Rónkẹ́, má lọ sí Kàdúná. Jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Fẹ́ mi."

Ó pẹ́, ó pẹ́ débi pé ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti tán. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó ń gbọ̀n díẹ̀ nítorí ẹkún.

"Ọdún mẹ́rin, Láńre. Ọdún mẹ́rin ni mo ti dúró lórí ilẹ̀ tútù, tí ò ń wò mí láti orí pákó."

Àti pé: "Dìde níbẹ̀ yẹn. Gòkè wá. Ó gba èèyàn méjì."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kàsúmù tó rántí rẹ́kọ́dà. Ó sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rónkẹ́ wá mú Láńre nílé rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ bá sájẹ́ǹtì ní bárékè kí lọ́rì tó dé. Láńre wọ bùbá tó mọ́, kò gbé agbòòrùn. Wọ́n kọjá lójú àwọn aládùúgbò, wọn kò kí i, wọ́n ń dúró de ìgbà kejì. Ó dé ìdí ọ̀pẹ, ó kọjá ọ̀pẹ, ó ń lọ. Àwọn èèyàn dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tòun ti ìkíni lẹ́nu.

"Láńre," ni Rónkẹ́ wí, "ṣé o ti ilẹ̀kùn ṣá?"

"Mi ò mọ̀," ni ó dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.